Bourse Níhìn-ín, Ẹ̀yáwó Lọ́hùn-ún

Igólò, ní àgbègbè Ìfọ̀nyìn (Ifangni) ní Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà rárá, ẹbí kan náà ló sì pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yunifásítì lọ́dún kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tí èkejì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín lè fún ti ibí ní bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ìjọba Nàìjíríà lọ́hùn-ún lè yá ti ọ̀hún lówó.

Bourse kì í ṣe gbèsè, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹni tó yege dáadáa nínú bac, ìdánwò àṣejáde girama, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ló ń rí i gbà. Àwọn tó tẹ̀lé e ń gba secours, ìrànwọ́ tó kéré sí bourse. Máàkì ni òṣùwọ̀n. Ọmọ tó ní olùkọ́ àdáni ní Kùtọnù àti ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ po epo ní Banigbé kó tó lọ síléèwé, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Máàkì kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Bí àpẹẹrẹ, oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin 2022. Òbí tó rí já jẹ nínú òwò ẹnubodè lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ ṣe bac lè máa wá owó oúnjẹ kiri ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní òdìkejì, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má ju ₦500,000 lọ lọ́dún, kí ọmọ sì mú oníduùró méjì wá, irú òṣìṣẹ́ ọba onípò gíga tàbí agbẹjọ́rò. Níbo ni ọmọ alágbàṣe ti fẹ́ rí wọn? Òfin tuntun ti oṣù kẹrin 2024 pa méjèèjì rẹ́. NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, ₦20,000 ń bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù fún ìnáwó, kò sì sí èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ríṣẹ́, yóò máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ padà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó náà wà fún.

Ìyọkúrò láti inú owó oṣù kò bá wa mu ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó gboyè ló ń wa zémidjan (ọ̀kadà) tàbí tó ń ṣòwò ní Igólò. Owó oṣù wo la fẹ́ yọ ọ́ nínú rẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí bourse ṣe ń dé. Onílé ní Calavi, níbi tí yunifásítì wà, ń gba owó ilé oṣù bíi mélòó kan sílẹ̀ kó tó yọ kọ́kọ́rọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí bourse bá pẹ́, ìyá yóò lọ bá olówó èlé. Ẹ̀yáwó náà ni, èlé tún wà lórí rẹ̀, ìyá ló sì jẹ ẹ́. Ìjọba Nàìjíríà tó ń yáni lówó láìgba èlé ṣàánú ju ìyẹn lọ. Bẹ̀nẹ̀ ti rí ohun tí bourse tí a kò san lè fà: ní oṣù kìíní 1989, gbèsè bourse wà lára ohun tó lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde sí títì, ìyanṣẹ́lódì náà sì wà lára ohun tó sún Kérékou, Ààrẹ ìgbà náà, dé Àpérò Àpapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ti oṣù kejì 1990.

Bourse ni kí ó wà. Ṣùgbọ́n kí máàkì nìkan má jẹ́ òṣùwọ̀n: ètò ìlera ARCH ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń wá àwọn ìdílé tó tòṣì jù rí. Kí ìjọba gbé orúkọ àwọn ìdílé náà sí ẹ̀gbẹ́ máàkì. Kí ẹni tí nǹkan dojú rú fún ní ọdún kejì lè béèrè fún bourse, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní NELFUND. Kí apá àkọ́kọ́ owó náà sì wọlé kí onílé Calavi tó gba tirẹ̀.