OWÓ FIRÍDỌ́Ọ̀MÙ Ń GBA ETÍ JÁDE L'ÁDÓ-ÈKÌTÌ: Íàpíìsì tuntun dé, ti èṣí ti di àkísà!

Ẹni tó bá gba Òkèṣà kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tó forí lé Ìjìgbò, kó rọra wo etí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá pàdé. Etí tó ṣófo kò pọ̀ mọ́. Ti ẹlòmíràn, wáyà ló so kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ti ẹlòmíràn, kóró funfun méjì tó yọ ìrù sílẹ̀ bí ẹ̀wà tó ń hù. Òmíràn tiẹ̀ tóbi débi pé ó bo etí mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Oòrùn ń pa olúwarẹ̀, òógùn ń bọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣí i, nítorí owó ńlá ló fi rà á, ayé sì gbọ́dọ̀ rí i.

Íàpíìsì ni gbogbo wọn. Èyí tí kò ní wáyà ni àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pọ́ọ̀dù. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti ní ọ̀kan ti ní in nìyẹn, títí yóò fi bàjẹ́. Nísinsìnyí, ó tì o! Èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lónìí, bí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá, ẹni tó bá ṣì fi í sétí, wọn a máa wò ó bí ẹni tó wọ aṣọ ẹbí èṣí lọ síbi ìnáwó ọdún yìí.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹnì kan yóò rí tuntun lórí TikTok, yóò gbé e sórí WhatsApp rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU lójú ọ̀nà Ìwòròkò àti ti Pólì lójú ọ̀nà Ìjàn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé e, kó tó wọ ìgboro, kó tó dé Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn. Oníṣọ́ọ̀bù fóònù yóò kó díẹ̀ wá láti Computer Village n'Ìkẹjà, yóò ní mẹ́ta péré ló kù. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á kò ní jẹ́ ká sinmi: "Ẹ ò tíì gbọ́ orin rí! Ńṣe ló dà bí ẹni pé onílù wà nínú agbárí mi!" Àwọn tí kò tíì rà á kò ní lè sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ní in, títí kan ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ní oṣù kejì, àròyé bẹ̀rẹ̀: ti etí òsì ti kú, ṣáájì kì í pẹ́, ẹni téèyàn ń bá sọ̀rọ̀ kì í gbọ́. Ní oṣù kẹta, ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín gan-an ló ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdajì owó, nítorí òmíràn ti dé! Kò sì ní sọ pé òun ṣìnà. Yóò ní, "Èyí kò tó èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde." Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ nípa ti ìṣáájú.

Ẹ̀yin ìyá wa l'Ọjà Ọba, ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, irun dídì, káfíńtà àti mẹkáníìkì, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Níbo ni ọmọ iṣẹ́ ti ń rí owó rẹ̀? Owó àjọ tó ń dá lójoojúmọ́ ni, èyí tó yẹ kó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, sísọ́ọ̀sì àti tábìlì ní ọjọ́ firídọ́ọ̀mù. Ọmọ tó bá pa pọ́ọ̀dù mẹ́rin dà láàárín ọdún kan, ẹ bá a jókòó kí ẹ jọ ṣírò owó rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ gbà lọ. Òun náà ni yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé kò sówó firídọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà má tíì máa rẹ́rìn-ín o. Ta ló ti gbàgbé owó Údójì? Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó di 1975, tí owó náà bọ́ sọ́wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ni ọ̀pọ̀ wọn fi rà? Rédíògírámù, sítẹ́ríò, alùpùpù! Bí ti ọkọ bá ga dé ìbàdí, aládùúgbò yóò wá èyí tó ga dé àyà. Kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ wo igun pálọ̀ bàbá yín ná. Àpótí náà lè ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé fọ́tò lé lórí.

Ti íàpíìsì fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Sony ní Japan ló sọ ọ́ di ohun ìgboro. Ọjọ́ 1 oṣù keje 1979 ni wọ́n gbé Walkman jáde, ẹ̀rọ kasẹ́ẹ̀tì kékeré tí kò ní sípíkà, àfi kéèyàn fi sétí. 30,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́, nǹkan bí 3,000 péré ló tà. Ọkàn ọ̀gá kò balẹ̀. Ni wọ́n bá rán àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ wọn jáde, kí wọ́n máa rìn kiri Tokyo, kí wọ́n máa wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ̀rọ náà wà létí wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá ń wò wọ́n tọ́ ọ wò. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ọjà ti tán pátápátá! Etí ẹni kan ni wọ́n fi polówó fún ojú ẹgbẹ̀rún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Òkèṣà lónìí náà nìyẹn.

Ní 2008, olórin Amẹ́ríkà Dr. Dre àti Jimmy Iovine gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù Beats jáde, èyí tó ní lẹ́tà "b" lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn olórin àti eléré ìdárayá gbé e kọ́rùn, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 2014, Apple san bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là láti ra ilé iṣẹ́ náà. Ayédèrú lẹ́tà "b" tó wọ ọjà wa lẹ́yìn náà kò lóǹkà. Ní 2016, Apple yọ ihò íàpíìsì kúrò lára iPhone 7, wọ́n sì gbé AirPods jáde ní $159. Ẹ ò rí ọgbọ́n ọlọ́jà! Wọ́n dí ihò tán, wọ́n ní kí ẹ wá ra èyí tí kò nílò ihò. Àtìgbà náà ni kóró funfun ti di àmì pé ọwọ́ ẹni tẹ nǹkan. Transsion, ilé iṣẹ́ ará China tó ń ṣe fóònù Tecno àti Infinix, kò sì jókòó lásán. Òun ló ni Oraimo, èyí tó sún mọ́ àpò mẹ̀kúnnù díẹ̀.

Ṣé èyí tó wọ́n jù ló ń dún jù? Ní 2017, onímọ̀ ohùn kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde. Ó yẹ bí ohùn ṣe ń jáde lára 283 hẹ́ẹ̀dìfóònù wò, ó fi wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí ohun tó so méjèèjì pọ̀! Owó ńlá lè ra awọ tó rọ̀, ó lè ra bátìrì tó pẹ́, ó sì lè ra orúkọ. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè sọ bí yóò ṣe dún.

Àwọn ọlọ́jà kan ní ọgbọ́n tiwọn. Bí ẹ bá ń tọ́ méjì wò, èyí tí ohùn rẹ̀ bá fi díẹ̀ lọ sókè ju èkejì ni etí yóò rò pé ó dára jù. Ọlọ́jà tó mọ èyí yóò kàn yí ohùn olówó ńlá sókè díẹ̀, ó parí! Ẹ ní kó mú méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi orin kan náà tí ẹ mọ̀ dunjú dán wọn wò, ìbáà jẹ́ ti Sunny Adé tàbí ti Ọbẹ́, kí ẹ tẹ́tí bóyá ohùn akọrin àti ti gángan yàtọ̀ síra kedere.

Bí ẹ bá ní kò dún dáadáa, yóò ní kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé ohùn rẹ̀ yóò là. Lóòótọ́, gángan máa ń fẹ́ oòrùn kí awọ rẹ̀ tó le. Ṣùgbọ́n íàpíìsì kì í ṣe gángan. Etí ẹni ló máa ń mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an sì ni ọlọ́jà ń wá, kí ẹ má baà lè dá a padà mọ́.

Ó wá ku èyí tó le jù. Ẹ wo ọmọ tó ń lọ ata. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún ki pọ́ọ̀dù bọ etí, ó wá yí ohùn sókè pátápátá kí orin lè borí ẹ̀rọ. Ariwo lórí ariwo! Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti káfíńtà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìlagi. Ti ọlọ́kadà tó di etí méjèèjì lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, kí tírélà sì máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan lágbàáyé ni etí wọn wà nínú ewu nítorí ariwo orin. Désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bí orin bá wà ní 80, etí àgbà lè gbà á fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀. Bó bá di 100, ogún ìṣẹ́jú! Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ohùn fóònù má kọjá 60 nínú 100. Irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú ihò etí lọ́hùn-ún tó ń bá wa gba ohùn. Bí ariwo bá ti pa á, kì í hù mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Etí tó ti kú ńkọ́?

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Etí yóò máa dún ṣíín lóru nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́. Olúwarẹ̀ yóò máa pariwo bó bá ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá pe ọmọ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, tí pọ́ọ̀dù kò sì sí létí rẹ̀, kó má kọ́kọ́ pè é ní aláìgbọ́ràn. EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, wà l'Ádó níbí, ó sì ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Kí wọ́n mú un débẹ̀ kí wọ́n tó nà án.