Ojú Epo Nínú Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù Tí A Mú Gùn

Ìfáàrà

Ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, alùpùpù kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Ọdún 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífẹ òpópónà Èkó sí Badagry, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni kòtò fi jọba lójú ọ̀nà náà. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbèrò pé yóò dé Òkòkòmáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ọ̀jọ́ kò sí lára wọn. (Orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni a ti yá ọ̀kadà, ẹni tó bá ti gun alùpùpù lórí kòtò yóò mọ̀ pé fífò náà kì í ṣe àwàdà.) Ohun tó ń gba kòtò wọ̀nyẹn mọ́ra kí wọ́n tó dé ara ẹni tó ń gùn ún ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣọ́ọ̀kì.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni àṣà mímú ẹsẹ̀ yìí gùn ti gbilẹ̀, pàápàá ní ìpínlẹ̀ California ní àwọn ọdún 1960. Fíìmù Easy Rider tó jáde ní ọdún 1969 ló gbé e dé ojú gbogbo ayé. Àṣà náà kò wọ́pọ̀ ní Ọ̀jọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ alùpùpù mìíràn tó gùn jù rọ́pò ti ọ̀kadà rẹ̀ ti bọ́ sínú ìṣòro kan náà: ìwọ̀n epo tí ìwé sọ kò bá ohun tó wà níwájú rẹ̀ mu mọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Iṣẹ́ tí epo àti afẹ́fẹ́ ń ṣe

Páìpù méjì tó ń wọnú ara wọn ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sípíríìn wà nínú rẹ̀, epo wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà lókè epo. Sípíríìn ló ń gbé ẹrù. Epo tó ń gba ihò tín-ín-rín kọjá ni kò jẹ́ kí sípíríìn máa fò sókè sódò láìdáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ń fún pọ̀, ó sì ń di sípíríìn kejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré wò ó, láìka àyè tí sípíríìn gbà. Bí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀ tán tí àlàfo sẹ̀ntímítà 15 ṣẹ́ kù lókè epo, tí ẹsẹ̀ náà sì lè rìn tó sẹ̀ntímítà 12, afẹ́fẹ́ tó gba 27 ti di 15 nìyẹn. Ó fún pọ̀ ní ìlọ́po 1.8. Bí ẹnìkan bá da epo kún un títí àlàfo fi ku 5, ohun tó gba 17 ni yóò di 5, ìlọ́po 3.4. Irú agbára bẹ́ẹ̀ lè ti epo gba ara rọ́bà tó dí ẹnu páìpù jáde. Bí epo náà bá sì kán dé orí bíréèkì, ẹ̀mí ẹni tó ń gùn ún àti ti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú ewu.

Wàyí o, kí a mú páìpù náà gùn ní sẹ̀ntímítà 10, kí epo má sì yí padà. Àlàfo ti di 25. Afẹ́fẹ́ tó gba 37 ń di 25, kò tó ìlọ́po 1.5. Ẹsẹ̀ náà yóò rọ̀ jù ní ìparí ìrìn rẹ̀, yóò sì máa gbá ìdí nínú kòtò. Bí inú páìpù bá fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 3, nǹkan bí mìlílítà 70 ni epo tí yóò dá àlàfo padà sí 15.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Kí a gbé iwájú alùpùpù nílẹ̀ dáadáa, kí a sì ṣí ìdérí pẹ̀lẹ́, nítorí sípíríìn ń tì í láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti da epo àtijọ́ sínú ike (kì í ṣe sínú gọ́tà), kí a yọ sípíríìn, kí a da epo tuntun tí ìwé dárúkọ sí i. Epo ẹ́ńjìnnì tó ki kì í ṣe arọ́pò rẹ̀. Kí a fa ẹsẹ̀ náà sókè sódò títí afẹ́fẹ́ inú epo yóò fi jáde tán, kí a wá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dé ìdí. Nígbà náà ni a ó ti rúlà bọ ẹnu páìpù, kí a wọn ibẹ̀ dé ojú epo.

Fún ẹsẹ̀ tí a mú gùn, ó sàn kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye epo tí ìwé sọ, nítorí iye náà bo ihò tí epo ń gbà kọjá. Lẹ́yìn èyí, kí a máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí a máa gùn ún wò, títí kò fi ní gbá ìdí mọ́; ṣùgbọ́n kí àlàfo má kéré sí èyí tí ìwé sọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Páìpù tí a jó pọ̀ láti mú un gùn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: kò sí epo tó lè wo ojú ìjópọ̀ tó fẹ́ ya.

Ọ̀rọ̀ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá lórí iṣẹ́ yìí yóò kọ "ìwọ̀n epo" láìronú. Gbólóhùn yẹn ń rán ẹni tó kà á lọ sí ibi ife. "Ojú epo" ń rán an lọ sí ibi rúlà, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Olùkọ́ ní Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò lè mú ike olómi kan àti rúlà wọ kíláàsì, kí ó ní kí àwọn ọmọ wọn àlàfo òkè omi, kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.