Ẹ̀dínwó Owó Orí fún Ẹni Tó Ra Ilé ní Amẹ́ríkà

Ọ̀nà méjì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ń gbà mú owó orí fúyẹ́ lọ́rùn aráàlú. Wọ́n lè yọ iye kan nínú owó tó wọlé fún ẹni kí wọ́n tó bu owó orí lé ìyókù. Wọ́n sì lè ṣírò owó orí náà tán, kí wọ́n wá yọ nínú rẹ̀ gan-an. Èyí kejì ló dùn jù, nítorí gbogbo iye tí wọ́n bá yọ ló kúrò nínú ohun tí ẹni náà ìbá san. Òun ni wọ́n fi ran àwọn tó ń ra ilé lọ́wọ́ láàárín ọdún 2008 sí 2010, nígbà tí iye owó ilé já wálẹ̀, tí báńkì sì ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn tí kò rí gbèsè san.

Oṣù Keje ọdún 2008, nígbà ìjọba George W. Bush, ni òfin àkọ́kọ́ jáde. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ilé ni ẹni tó rà á máa gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 7,500 dọ́là lọ. Ẹ̀dínwó ni wọ́n pè é, àmọ́ ká má parọ́, gbèsè tí kò lélé ni: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi máa san án padà, 500 dọ́là lọ́dọọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ìjọba Barack Obama sọ ọ́ di 8,000 dọ́là fún ilé tí wọ́n bá rà lọ́dún náà. Èyí kò ní sísan padà, bí olówó ilé bá ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ká ní tọkọtaya kan ra ilé 120,000 dọ́là lọ́dún 2009. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 12,000, ṣùgbọ́n 8,000 ni òfin fàyè gbà. Bí owó orí wọn fún ọdún náà bá jẹ́ 5,000, ó di òfo, ìjọba á sì fi 3,000 tó kù ránṣẹ́ sí wọn. Tí ibi iṣẹ́ bá sì ti yọ 5,000 náà nínú owó oṣù wọn tẹ́lẹ̀, á padà sọ́wọ́ wọn, tó fi jẹ́ pé 8,000 ni wọ́n máa kà lówó.

Kò pọn dandan kí ẹni náà má tíì ra ilé rí láyé rẹ̀. Bí kò bá ti ní ilé tirẹ̀ tó ń gbé láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, ó yege. Àmọ́ ẹni tó ra ilé lọ́wọ́ òbí, òbí àgbà tàbí ọmọ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwọn tí owó ń wọlé fún gan-an náà kò sì sí níbẹ̀.

Níwọ̀n bí wọn kò ti béèrè ẹ̀rí rírà ní ìbẹ̀rẹ̀, gbájú-ẹ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba rí i pé wọ́n ti béèrè owó náà lórúkọ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti pé ẹlẹ́wọ̀n 1,295 gba mílíọ̀nù 9.1 dọ́là tí kò tọ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n sún ètò náà síwájú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, wọ́n fi kún un pé kí olùbéèrè pé ọmọ ọdún 18, kó sì so ìwé ìparí ìdúnàádúrà ilé mọ́ ìwé owó orí rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé tirẹ̀, tó wá ra òmíràn, náà rí tó 6,500 dọ́là gbà.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni gbèdéke fún títọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àwọn tó gba ti ọdún 2008 kò tíì bọ́ nígbà yẹn: owó orí ọdún 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san padà, ti ọdún 2024 sì ni ìkẹyìn.