Ǹjẹ́ Ẹ̀pà A Máa Mú Ènìyàn Sanra?

Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó ń mú àwọ̀ dán ni í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí a ń bẹ̀rù ni í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jùmọ̀ yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa, kí àwọn olùkọ́ wa ọ̀wọ́n sì tọ́ wa sọ́nà níbi tí a bá ti ṣìnà.

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé ní Opebi, ní Ìkẹjà. Ìyá Opebi ni gbogbo wa ń pè é. Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ kí i, mo sì bá a pẹ̀lú ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ti sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ń ṣe é, àti pé ó yẹ kí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ẹ̀pà sílẹ̀, ẹ̀pà tí ó ti ń jẹ láti kékeré, nítorí ẹnìkan wí fún un pé ọ̀rá inú rẹ̀ ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n bí a ti jókòó, ó ránṣẹ́ ra búrẹ́dì Agege àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Tísà, ìwọ tí o ń kọ́ ìwé, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀pà ni ó sọ mí dà báyìí?" N kò lè dá a lóhùn. Ojú tì mí, mo sì pinnu pé kí n tó padà lọ kí i, èmi yóò ti wá ìdáhùn rí.

Kí a tó dá ẹ̀pà lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá ṣẹjọ́. Èdè wa kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo èso tí kóró wọn kún fún ọ̀rá, tí a ń fọ́ èèpo wọn kí a tó jẹ wọ́n. A ní ẹ̀pà. A ní awùsá, tí àwọn mìíràn ń pè ní asálà. A sì ní kajú. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn a máa wí pé ẹbí ẹ̀wà ni ẹ̀pà, kì í ṣe èso igi bí kajú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé inú ikùn, ìwà wọn jọra. Nítorí náà èmi yóò máa pè wọ́n ní ẹ̀pà àti àwọn ojúgbà rẹ̀.

Obì kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó sọ ilẹ̀ tí ó yí Opebi ká di olókìkí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, ìlú oko ni Agege; kòkó àti obì ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbìn níbẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí a sì so mọ́ Kánò ní 1912, ni ó ń ru obì Agege lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Òun kan náà ni ó sì ń ru ẹ̀pà Kánò sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté Èkó. Àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ọ̀rá inú obì kéré púpọ̀. Agbára rẹ̀ ń bẹ nínú èròjà tí ń lé oorun lọ, irú èyí tí ó wà nínú kọfí. Ohun tí mo ń sọ nípa ẹ̀pà, ẹ má ṣe fi lé obì lórí.

Lónìí, oko Agege àti Ìkẹjà ti di ilé iṣẹ́ ńlá, ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì. Àwọn tí ó fi ọkọ́ ro ilẹ̀ yẹn ń jẹun, wọ́n sì ń fi òógùn san án padà. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí a máa jókòó ti tábìlì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọn a sì tún jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí púpọ̀ nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ní ojú ọ̀nà Opebi, gúgúrú àti ẹ̀pà, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ẹ̀pà inú ìgò, gbogbo wọn wà ní àrọ́wọ́tó, pẹ̀lú àkàrà òyìnbó àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá nawọ́ mú nínú wọn lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀sùn tí a fi kan ẹ̀pà kò ṣàìní ìdí. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà, ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì, nítorí ó tó 49 gíráàmù. Èròjà amúaradàgbà tó 26 gíráàmù, ohun tí inú kò lè dà, èyí tí ń mú ìgbẹ́ rọrùn, sì ju 8 gíráàmù lọ. Kálórì, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ, tó 567. Búrẹ́dì funfun tí ó wúwo bákan náà kò ní tó ìdajì kálórì yìí. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò wí lójú kan náà pé ẹ̀pà ni ó gbọ́dọ̀ mú ènìyàn sanra ju búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe síléètì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà yàtọ̀ sí i.

Èkínní ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rá tí ó wà nínú ẹ̀pà ni ó ń wọ inú ara. Inú àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni ọ̀rá náà wà, ògiri àwọn àpò wọ̀nyí sì le. Èyí tí eyín kò bá fọ́, ikùn kò lè rí inú rẹ̀, a sì bá ìgbẹ́ jáde. Ní 1980, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní odidi ẹ̀pà, ẹ̀pà lílọ̀, àti òróró ẹ̀pà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tí wọ́n jẹ odidi ẹ̀pà ni ọ̀rá tí ó bá ìgbẹ́ jáde pọ̀ jùlọ. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville wọn èso álímọ́ńdì tí Bíbélì dárúkọ, wọ́n sì rí i pé ìṣirò àtijọ́ fi 32 nínú 100 pọ̀ ju kálórì tí ara ń rí gbà ní tòótọ́. Ní 2019, wọ́n wọn kajú, wọ́n sì rí i pé kálórì tí ara ń rí gbà ní tòótọ́ fi 16 nínú 100 dín sí ti ìṣirò náà.

Èkejì ni pé ẹ̀pà a máa pẹ́ nínú. Ọ̀rá rẹ̀, amúaradàgbà rẹ̀, àti ohun tí inú kò lè dà, gbogbo wọn jùmọ̀ ń mú kí ikùn má tètè ṣófo. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ní agogo mẹ́wàá a máa fi sùúrù dúró de oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan, ebi a tètè padà wá bá a.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ, ni ohun tí ẹ̀pà rọ́pò. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, kó 117 ènìyàn tí ó ní àtọ̀gbẹ jọ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n fún àwọn kan ní àkàrà òyìnbó tí a fi àlìkámà ṣe, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà, kajú àti àwọn ojúgbà wọn ní ipò rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìdajì ìdajì. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ̀pà àti ojúgbà rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀ jùlọ. Ìlọsílẹ̀ náà kò pọ̀, kò sì lè gba ipò oògùn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀pà tí ó rọ́pò ìyẹ̀fun àti ṣúgà a máa ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: ó rọ́pò. Bí a bá jẹ búrẹ́dì yó tán kí a tó da ẹ̀pà lé e, ẹrù ni a dì kún ẹrù.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń jẹ ẹ̀pà fún ọdún púpọ̀? Ní 2011 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ròyìn lórí 120,877 ènìyàn. Àwọn tí ó fi pòtétò díndín tàbí ohun mímu oníṣúgà kún oúnjẹ wọn ń wúwo sí i. Àwọn tí ó fi ẹ̀pà àti ojúgbà rẹ̀ kún tiwọn kò wúwo tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kí a má ṣe tètè fò sókè. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀pà ni àwọn tí kì í mu sìgá, tí wọ́n sì ń rìn púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Sípéènì ṣe pín 7,447 ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kan dín ọ̀rá kù. Wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ méjì yòókù láti máa jẹ ewébẹ̀, èso àti ẹja, wọ́n sì fún ọ̀kan nínú wọn ní òróró ólífì, wọ́n fún èkejì ní 30 gíráàmù awùsá ilẹ̀ òyìnbó àti ojúgbà rẹ̀ fún oòjọ́. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 2013. Nígbà tí ó yá, a rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ti pín àwọn kan. Wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn ní 2018, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì tún un tẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀: àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi bí 28 nínú 100 dín lára àwọn tí a fún ní awùsá, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ sanra. Àwa tí a fẹ́ di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ kejì lára wọn: ẹni tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń níyì.

Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwọ̀n 30 gíráàmù kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ìgò ẹ̀pà kan kì í ṣe ìjókòó kan. Ẹ̀pà tí a fi iyọ̀ púpọ̀ sí kò yẹ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀pà tí a fi ìyẹ̀fun àti ṣúgà bò, tí a sì dín, ti fi ẹgbẹ́ ẹ̀pà sílẹ̀, ó ti di àkàrà òyìnbó. A kò gbọdọ̀ fi odidi ẹ̀pà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí ó má baà há a lọ́fun. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà rárá, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú èémí wọn dí. Kí wọn má ṣe dán an wò.

Ewu tí ó tún wà ní ilẹ̀ wa ni ti ẹ̀pà tí ó ti bu. Ní 1960, ó ju 100,000 tòlótòló lọ tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé tí a ń pè ní aflatoxin, èyí tí ó ń ti ara ohun bíbu jáde, tí ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ohun kan tí à ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko láti bá a jà. Ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹun kò gbọdọ̀ sùn: ẹ̀pà tí ó hunjọ, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó korò lẹ́nu, kí a tu ú jáde, kí a má ṣe gbé e mì nítorí owó tí a fi rà á. Yíyan kò lè pa gbogbo májèlé yìí.

Mo padà sí Opebi, mo sì ka gbogbo èyí fún Ìyá. Mo sọ fún un pé ẹ̀pà kọ́ ni ó dá àtọ̀gbẹ sílẹ̀; pé kí ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan, tí kò ní iyọ̀, rọ́pò búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ọ̀sán; pé kí ó jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa; kí ó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀; kí ó sì bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ọwọ́ mi tí ó tóbi, ó ní, "Tísà, ẹ̀kúnwọ́ tìrẹ ni tàbí ẹ̀kúnwọ́ tèmi?" Mo ní, "Tiyín ni, Ìyá." Ó rẹ́rìn-ín, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ nípa àìsàn rẹ̀, n kò tíì rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó tú ká sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, àwọn òbí àwọn ọmọ wa yóò sì máa bi wá ní irú ìbéèrè yìí, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé tísà mọ̀. Bí a kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ wádìí kí a tó dáhùn. Ìlera ni oògùn ọrọ̀; ọ̀rọ̀ ẹnu tísà kan sì lè mú un dúró, ó sì lè bà á jẹ́.