Òkè Ìdànrè: Ìlú Tó Gun Orí Àpáta

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ẹ bá gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ 660! Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ni mo sì jókòó sí.

Ìlú odindi la bá lókè. Kí ló gbé èèyàn débẹ̀? Ogun ni. Ẹni tó bá wà lórí àpáta yóò ti rí ọ̀tá látòkèèrè, ọ̀tá á sì ti rẹ̀ kó tó gòkè dé. Omi wà níbẹ̀, ilẹ̀ oko náà wà, ni wọ́n bá tẹ̀dó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, títí kan ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896.

Nígbà tí ogun tán, àǹfààní orí òkè dín kù. Ọ̀nà mọ́tò, ọjà àti oko kòkó wà nísàlẹ̀. Láyé ìjọba òyìnbó ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń gòkè lọ ṣọdún.

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni òkè yìí dáàbò bò o. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Sclerophrys perreti. Ní gbogbo ayé, Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i. Wọ́n fún un lórúkọ ní 1963. Nígbà tó yá, wọn ò rí i mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí wọ́n tún fojú kàn án ní 2013. Orí àpáta tí omi ń ṣàn lé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí omi yẹn bá bàjẹ́, ibo ló fẹ́ sá lọ?

Kí n má purọ́, mo fẹ́ ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tíṣà wa kàn wò mí ni, mo bá ki í bọ àpò. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi Ìdànrè sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ọwọ́ àwa tá a ń lọ wò ó ni ìtọ́jú rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní Òṣòdì. Láti Àkúrẹ́, ó ku nǹkan bíi kìlómítà 20. Ẹ wọ bàtà tó dáa, ẹ sì kó ọ̀rá yín bọ̀ wálé.