Ẹ̀rọ ìlọ-àjẹkù

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ̀rọ oníná tí a dè mọ́ abẹ́ síǹkì ilé ìdáná, tí ń lọ àjẹkù oúnjẹ kúnná kí omi tó gbé e lọ. John W. Hammes ni ó hùmọ̀ rẹ̀ ní Racine, ìpínlẹ̀ Wisconsin, Amẹ́ríkà, ní ọdún 1927.

Ìlò. «Lọ̀» ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ ẹ́, kì í ṣe «gé»: irin inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ, ń ṣe ni ó ń gbá àjẹkù mọ́ òrùka onírin tí ń lọ̀ ọ́.

Ìkìlọ̀ fún olùtumọ̀. Má kọ «ẹ̀rọ» lásán, nítorí «ẹ̀rọ» ni a ń pe ẹ̀rọ omi pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ka «Pa ẹ̀rọ kí o tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀» lè pa omi, kí irin sì máa yí.

Àpẹẹrẹ.
Ṣí ẹ̀rọ omi tútù kí o tó tan ẹ̀rọ ìlọ-àjẹkù.
Pa ẹ̀rọ ìlọ-àjẹkù, jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ sí i, kí o tó ti ẹ̀rọ omi.
Má da ọ̀rá yíyọ́ sí i: bí ó bá dì, yóò dí páìpù.
Bí nǹkan bá há, yọ okùn iná rẹ̀. Ẹ̀mú ni kí o fi fa nǹkan náà jáde, kì í ṣe ọwọ́.