Kí A Tó Fi Pákó Bo Ògiri

Bí onílé bá ní pákó lòun fẹ́ fi bo ojú ògiri òun, ìrókò ni káfíńtà sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Kò jẹ̀bi. Ikán kì í tètè rí i jẹ, òjò kì í tètè bà á jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́. Ohun tí àwọn lagilagi ń ráhùn sí ni òkúta tó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, tó ń mú ayùn kú.

Ibi tó ti ń wá lọ̀rọ̀ wà. Inú igbó ni wọ́n ti ń gé èyí tó pọ̀ jù. Oko ìrókò ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ igbó kò gbìyànjú. Kòkòrò kékeré kan, Phytolyma, ni kò jẹ́. Ó ń yé ẹyin sára ọ̀mùnú ìrókò. Bí àwọn ọmọ bá jáde, wọ́n á wọnú ewé, ewé á wú di kókó, kókó á fọ́, á jẹrà, orí igi kékeré náà á sì kú. Bí wọ́n bá wá gbin ìrókò lọ́pọ̀ sójú kan, kòkòrò yóò kàn máa bọ́ láti orí ọ̀kan dé òmíràn ni. Èyí tí agégẹdú bá gé lónìí, arọ́pò rẹ̀ kì í yá.

Apá àti ọ̀gànwó náà ti di igi tí ayé ń ṣọ́. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi igbó láàrin orílẹ̀-èdè, fi ti ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ òfin: àwọn igi náà kò gbọdọ̀ ré ààlà kọjá láìní ìwé àṣẹ.

Tíìkì yàtọ̀. Igi ilẹ̀ Éṣíà ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín sí igbó ọba bíi Olókèmejì, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1899. Bí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ a tún hù. Àmọ́ kí olùrà wo orí pákó dáadáa. Ara funfun tó sún mọ́ èèpo kì í pẹ́ rà. Inú tó ní àwọ̀ oyin ló ń kojú òjò. Tíìkì tí wọ́n gé ní kékeré, funfun ló máa ń pọ̀ lára rẹ̀.

Ṣé gbogbo ibi ló tiẹ̀ nílò igi líle? Arère rọ̀, ó fúyẹ́, òjò á sì bà á jẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ó tó fún àjà àti ògiri inú yàrá. Ìrókò níbẹ̀, ìnákúnàá ni. Fún ìta, kí káfíńtà fi àlàfo sẹ́yìn pákó kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ẹsẹ̀ pákó má sì kan ilẹ̀, nítorí òjò tó ń ta padà.

Ó ku ìwé. Òṣìṣẹ́ igbó ọba máa ń fi òòlù tẹ àmì sára gẹdú tí wọ́n ti san owó ìjọba lé lórí. Bí ayùn bá ti là á tán, àmì náà ti bá ìyẹ̀fun igi lọ. Ẹni tó fẹ́ ra pákó púpọ̀ lè lọ síbi ìlagi fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó là á, kí ó wo àmì, kí ó béèrè ìwé. Oníṣòwò tó bá fi ìbéèrè yẹn ṣe ìjà, kí onílé kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.